Káríà Tó Ń Nà, Tó Ń Súnkì

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, mo fẹ́ sọ àṣírí kan sí ọ létí. Ohun tó ń mú kí àwọn obìnrin Ìgbẹ́tì máa wò mí lọ wò mí bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kì í ṣe gèlè mi, kì í sì í ṣe bàtà mi. Káríà orí ọkọ̀ mi ni. Má rẹ́rìn-ín o! Káríà aláwọ̀ ewé ni, tí mo lè fà kó gùn bí mo bá fẹ́ gbé fóòmù, tí mo lè tì kó kúrú bó bá jẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta péré ni mo ní, tí mo sì lè tú kúrò lórí ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìpe mẹkáníìkì kankan.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà ní ọkọ̀ kékeré kan, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ ń rí. Búùtù ti kún. Ìjókòó ẹ̀yìn ti kún. Ọmọ jókòó lé àpò èlùbọ́, ìyá ọkọ rẹ gbé adìẹ sórí itan. Bẹ́ẹ̀ sì ni orí ọkọ̀ ṣófo, oòrùn nìkan ló ń jókòó síbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Káríà tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìtìjú gbáà ni. Mo kàn já wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan, mo ní, "Ẹ bá mi ṣe káríà tó lágbára." Ó béèrè pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kó lágbára tó. Mo ní kó ṣáà lágbára gan-an ni. Ẹjọ́ tèmi ni, àbúrò mi, kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbé irin 16 mílímítà, irin tí wọ́n fi ń de dẹ́kìn ilé, ó gé e, ó jó o pọ̀, ó sì jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òrùlé ọkọ̀ mi pinpin. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, omi gba ojú ibi tí wọ́n ti jó irin wọlé, ó ń kán tó, tó, tó, sórí gèlè mi. Gèlè òde ìyàwó!

Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n gé e kúrò, mo gbé e lọ sórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn kajú. Kílò 57. N kò tíì gbé iṣu kan ṣoṣo lé e o.

Ọjọ́ yẹn ni ojú mi là. Òrùlé ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń kọ iye ẹrù tí orí rẹ̀ lè gbà sínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá, ìwé tí gbogbo wa máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀ tí a kì í ṣí. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, iye náà wà láàárín kílò 50 sí 100, àwọn tó sì dúró sí nǹkan bí 75 ló pọ̀ jù. Káríà fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún máa ń yanu.

Jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ǹtì ṣe òṣùwọ̀n, torí kò sí ẹni tí kò mọ bó ṣe wúwo tó: kílò 50 ni. Bí orí ọkọ̀ rẹ bá gba 75, tí káríà rẹ sì jẹ́ 20, ohun tó kù fún ẹrù kò ju sìmẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lọ. Èmi tí káríà mi jẹ́ 57, kílò 18 ló kù mí kù. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ti tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ń wò ó pé gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé àpò ọkà bàbà méjì sórí òrùlé, àánú Ọlọ́run nìkan ni mo fi ń wakọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Ohun tó wúwo, inú ọkọ̀ ni: èlùbọ́, àgbàdo, iṣu, kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ohun tó fẹ̀ àmọ́ tó fúyẹ́, òun ló ń gun òkè: apẹ̀rẹ̀, ẹní, igbá, fóòmù, àga ọ̀rá, kúlà òfìfo, ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fẹ́ fi se òde. O mọ bí aláàárù tó ru ẹrù gàgàrà ṣe máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá sáré yí kọ́nà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀. Ẹrù ti gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè kúrò nílẹ̀, kọ́nà kékeré lásán lè dojú rẹ̀ dé.

Kí o tó lọ bá wẹ́dà, mú bébà kan. Kọ gbogbo ohun tí o fi ọkọ̀ gbé ní oṣù tó kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú gígùn àti ìbú rẹ̀. Má fojú dá a, fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nígbà tí èmi ṣe é, mo rí i pé ẹrù mi oríṣi méjì ni. Àwọn kan gùn: fóòmù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹní, ọ̀pá àgọ́ òde. Àwọn yòókù kúrú, wọ́n sì ń yí kiri: apẹ̀rẹ̀ àti igbá. Káríà tó gùn, apẹ̀rẹ̀ á máa rìn kiri lórí rẹ̀ bí ọmọdé nínú ilé ńlá. Káríà tó kúrú, fóòmù á so ìrù síwájú so ìrù sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ara mi pé káríà tí yóò bá mi gbé, ó ní láti lè pa ara dà.

Wàyí o, inú ọ̀rọ̀ gan-an la dé yìí. Ǹjẹ́ o rántí ọ̀pá eríálì rédíò bàbá wa, tí wọ́n máa ń fà jáde bí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì tì wọlé bó bá parí? Ọgbọ́n náà nìyẹn. Páìpù kékeré nínú páìpù ńlá.

Páìpù onígun mẹ́rin ni kí o rà, kì í ṣe róbótó, torí róbótó máa ń yí sọ́tùn-ún sósì nínú ara rẹ̀. Páìpù ìta, íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin. Páìpù inú, íǹṣì kan. Nínípọn irin rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mílímítà kan àbọ̀ sí méjì. Mo mọ ohun tí ọkàn rẹ ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, oníhò yìí á mà tẹ̀ o." Kò ní tẹ̀. Gbọ́ ìṣirò tí mo ṣe: mítà kan páìpù íǹṣì kan tó ní ihò nínú, tí ara rẹ̀ nípọn mílímítà kan àbọ̀, kò ju kílò kan lọ púpọ̀. Irin gbọn-ín tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò níhò, kílò márùn-ún ni mítà kan rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí tí ọparun fi ń gbé òrùlé nìyẹn, tí ihò sì wà nínú rẹ̀.

Tèmi rèé bó ṣe rí. Páìpù ìta méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sùn gbalaja láti iwájú ọkọ̀ sí ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ní ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, páìpù inú tó gùn tó 20 íǹṣì wọlé sí i. Bí mo bá ti gbogbo rẹ̀ wọlé, káríà mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bí mo bá fa iwájú jáde ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí mo fa ẹ̀yìn náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó di mẹ́fà. Fóòmù ti bọ́ sí i nìyẹn.

Ṣé o ṣàkíyèsí pé mo ní 20 íǹṣì, àmọ́ 12 péré ni mo ń fà jáde? Íǹṣì mẹ́jọ yòókù, inú ló gbọ́dọ̀ máa wà nígbà gbogbo. Má jẹ́ kí ojúkòkòrò mú ọ fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù tí ìdí rẹ̀ kò wọlé dáadáa á máa mì, gálọ́ọ̀pù kan lásán á sì fà á yọ. Ọ̀dà pupa ni mo fi ṣe àmì sí ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Bí mo bá ti rí pupa, mo ti dẹ́kun fífà.

Àlàfo mílímítà méjì sí mẹ́ta yóò wà láàárín páìpù méjèèjì, òun ló sì máa ń dún gbàn-gbàn-gbàn lójú ọ̀nà bí ẹni ń lu agogo. Oògùn rẹ̀ kò le. Ní kí wẹ́dà lu ihò sára páìpù ìta, kó jó nọ́ọ̀tì lé ojú ihò náà, kí o wá máa fi bóòtì dè é, kí ẹnu bóòtì fún páìpù inú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Méjì ni kó wà ní ẹnu kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe ẹyọ kan, torí bóòtì kan ṣoṣo á jẹ́ kó máa fì. Èmi ní kí wọ́n jó irin kékeré mọ́ orí bóòtì mi kó rí bí apá labalábá, kí n lè máa fọwọ́ yí i. Sípánà ọ̀dọ̀ mi kì í pẹ́ sọnù.

Bóòtì tó ń fún nǹkan lè tú, nítorí náà fi píìnì kún un. Lu ihò sára páìpù inú ní íǹṣì méjì méjì, lu ìkan sára ti ìta, kí o ki bóòtì gígùn kọjá àwọn méjèèjì. Bí bóòtì apá labalábá tilẹ̀ tú, píìnì kò ní jẹ́ kó lọ ibì kankan.

Ohun kan wà níbí tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, torí òun ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà kì í bìkítà fún. Ẹ̀gbẹ́ páìpù ni kí wọ́n lu àwọn ihò yẹn sí, kì í ṣe òkè rẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mú pòròpórò àgbàdo kan, kí o tẹ̀ ẹ́. Ibo ló ti kọ́kọ́ ya? Òkè àti ìsàlẹ̀ ni, àárín kì í mọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù tí ẹrù ń tẹ̀. Bí o bá ti dá ihò sí ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́, o ti bá ẹrù ṣẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọ̀pá ìdábùú náà, ọgbọ́n kan náà ni. Mo ṣe àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wà lábẹ́ wọn lónípáìpù-nínú-páìpù, kí wọ́n lè fẹ̀ tàbí kí wọ́n há. Sienna ni mo ń wà, Corolla ni ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, orí wọn kò fẹ̀ bákan náà. Ní báyìí, àwa méjèèjì la jọ ni káríà kan, owó kan la sì ná. (Òun ló kùn ún. Òun náà ló yan àwọ̀ ewé yẹn, mo kọ́kọ́ bínú, àfìgbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí yìn mí.)

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti bóòtì, kílò 19 ni lórí síkéèlì kajú yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kàn. Àárín òrùlé ọkọ̀, páànù lásán ni, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, yóò dún gbọ́. Etí òrùlé, lókè ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni egungun wà. Etí náà ni kí ẹsẹ̀ káríà dúró sí, ó kéré tán ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí kò le nígbà kan rí. O rántí Píjò 504, èyí tó gùn, tó ń kó èrò láti Ìbàdàn wá sí Òkè-Ògùn? Ìlú Kàdúná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n ní Nàìjíríà lọ́dún 1975. Etí òrùlé rẹ̀ ní gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi òjò ń gbà ṣàn. Inú gọ́tà yẹn ni ẹsẹ̀ káríà máa ń dì mú, bóòtì á sì fún un mọ́ra gírígírí. Kí Píjò sì tó dé, bọ́lẹ̀kájà ti wà, tí àwọn káfíńtà wa fi pákó kan ara rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wá láti òkè òkun. Kò sí ìwé kankan tó kọ́ wọn. Ẹrù tí wọ́n ń gbé ni wọ́n fi wọn ọkọ̀. Nígbà tí mo bá rí takisí tó ń bọ̀ láti apá Pàràkú ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú ẹrù tó ga ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, mo máa ń sọ pé ọmọ bọ́lẹ̀kájà kò tíì tán láyé, àmọ́ má kọ́ ṣe bíi tiwọn o.

Ọkọ̀ ìsinsìnyí kò ní gọ́tà mọ́. Bí tìrẹ bá ní irin gígùn méjì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ Sienna, oríire rẹ nìyẹn, ara irin yẹn ni kí o de káríà mọ́. Bí kò bá ní, ẹsẹ̀ tó ní ìkọ́ ni kí wọ́n ṣe fún ọ, èyí tí ètè rẹ̀ wọlé sí etí férémù ilẹ̀kùn, tí bóòtì sì fà á mọ́lẹ̀. Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí o tì wọ́n, kí o tó san owó. Ẹsẹ̀ ìkọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi, kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì mọ́, wẹ́dà ní kí n máa fi ipá gbá a.

Abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fi rọ́bà sí i. Tíúbù táyà tó ti bẹ́ tó, gé e, ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ nu orí ọkọ̀ dáadáa ná, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku wa kì í jẹ́ kí ẹ̀dá mọ àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Iyanrìn tó bá há sábẹ́ rọ́bà á máa ha ọ̀dà bí ìgbálẹ̀ onírin.

Bí o bá wá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, má jẹ́ kí ó fi "Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí, a mọ̀ ọ́n ṣe" dá ọ lọ́wọ́ kọ́. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí, wọ́n á máa wò ọ́ bíi pé o ṣìnà wá sí ìsọ̀ ọkùnrin. Fún ọmọ Ìgbẹ́tì, tó ń jí rí Òkè Ìyámọ̀pó láràárọ̀, ojora kò yẹ. Ṣé òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kọ́ ni Ìyámọ̀pó, ìyá àwọn amọ̀kòkò? Ògún ló ni irin lóòótọ́, àmọ́ ìwọ lo ni ẹrù.

Ohun tí èmi ṣe ni pé mo gé páálí fírísà, mo tò ó sórí ọkọ̀ bí mo ṣe fẹ́ kí káríà rí, mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ìwọ̀n sí ibi kọ̀ọ̀kan, mo wá gbé páálí náà lé wẹ́dà lọ́wọ́. Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ohun mẹ́ta ni mo tẹnu mọ́: kò gbọdọ̀ jó ohunkóhun mọ́ ara ọkọ̀, kó fi gíráńdà họ etí tó mú, kó má baà gé okùn tàbí ọwọ́ mi, bó bá sì jẹ́ páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò ni, kó họ síǹkì yẹn kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó sì jó o ní gbangba. Èéfín funfun tó ń jáde lára síǹkì máa ń kó ibà bá ẹni tó bá fà á símú. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ nílò ìlera, o ṣì máa padà wá ṣe géètì.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára irin kó má baà dógùn-ún, lẹ́yìn náà àwọ̀ tí ó wù ọ́. Ẹnu páìpù, fi rọ́bà dí i. Bí o kò bá dí i, omi òjò á wọlé, agbọ́n á kọ́lé síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa fọn ún bí fèrè láti ibí títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó ku dídè. Kí n jẹ́wọ́ kejì: fóòmù mi ti fò rí. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, eré mi kò pọ̀, mo ti de àárín rẹ̀ gírígírí, mo sì ń kọrin. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà kan ló ń pariwo sí mi pé nǹkan mi ti fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Ọlọ́run ló yọ mí tí kò bọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ràn ohun tó fẹ̀ tó sì fúyẹ́. Ó ń wọ abẹ́ rẹ̀ láti iwájú, ó ń gbé e sókè bí ìyẹ́ àṣá. Nítorí náà, etí iwájú fóòmù ni kí o kọ́kọ́ dè, kí okùn kan tún ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìkọ́ tó wà lábẹ́ bọ́ńpà iwájú. Kí òmíràn lọ sí ti ẹ̀yìn. Fi ọ̀rá wé e pẹ̀lú, torí fóòmù tó bá mu omi òjò lójú ọ̀nà kì í ṣe ohun fífúyẹ́ mọ́.

Rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń de ẹrù dára fún apẹ̀rẹ̀, torí ó ń fún mọ́ra. Òun nìkan kò tó fún ohun tó wúwo, ó ń nà. Bẹ́líìtì tí àwọn onítírélà ń lò, èyí tó ní irin tí a ń fà tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, òun ló dára jù. Lọ́ bẹ́líìtì náà po lẹ́ẹ̀kan kí o tó fà á le. Bí o bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á máa gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́, á sì máa han gooro. Ta ló fẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀?

Má gbàgbé pé bí o bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ lo sọ fún pé kó dúró, o kò sọ fún ẹrù. Ẹrù ṣì ń lọ ní tirẹ̀. Okùn tó lọ láti ọ̀tún sí òsì nìkan kò lè dá a dúró, èyí tó fà á sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí o bá ti gbéra, dúró. Sọ̀kalẹ̀, fọwọ́ kan gbogbo bóòtì àti okùn. Ẹrù máa ń jókòó, okùn á sì dẹ̀. Èmi máa ń dúró kí n tó jáde nílùú, kí n má baà di ẹni tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó dá dúró. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti wà lójú títì, kò sí irú ẹrù àpọ̀jù tí wọn kò tíì rí, ẹ̀bẹ̀ rẹ kò ní jọ wọ́n lójú. Rọra sáré, pàápàá ní ojú ọ̀nà wa tí ọkọ̀ àwọn tó ń kó òkúta mábù ti gbẹ́ kòtò sí, kí o sì rántí pé ọkọ̀ rẹ ti ga sí i. Ẹ̀ka igi máńgòrò kan ló rán mi létí.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: bí o bá ti já ẹrù, tú káríà kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e kiri lófìfo láti ọdún dé ọdún bí ìwo màlúù. Afẹ́fẹ́ tó ń kọlù ú, epo rẹ ló ń jẹ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé àpótí ńlá orí ọkọ̀ lè dín bí epo ṣe ń gbé ọkọ̀ rìn kù ní ìdá 2 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìlú, àti ìdá 6 sí 17 lójú ọ̀nà tó já geere. Bí eré bá wá pọ̀, ó lè dé ìdá 25. Káríà òfìfo kò tó àpótí, àmọ́ òun náà ń gba tirẹ̀. Nígbà tí lítà epo kò tó igba náírà, a lè fojú fo ìyẹn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò sókè sí nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ta ló fẹ́ máa fi epo bọ́ irin òfìfo?

Bóòtì mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó tán. Ọmọ mi ọkùnrin di apá kan, mo di èkejì, a gbé e sílẹ̀. Kílò 19 ni, kì í ṣe 57.

Ibi tí mo ń gbé e sí lẹ́yìn náà ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo máa ń gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, mo fà á gùn dé ibi àmì pupa, mo tẹ́ ẹní lé e, mo sá gbodo sórí rẹ̀. Ewúrẹ́ kò dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀, gbodo sì ń gbẹ kíá. Aládùúgbò mi kan rí i, ó ní kí n yá òun láti fi gbé àga òde lọ sí Kíṣí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun á dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Òní Ọjọ́bọ̀ rèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lójú fèrèsé báyìí, iṣu tirẹ̀ ló sá sórí rẹ̀. Dúró dè mí, mò ń bọ̀, jẹ́ kí n lọ kí i.